Kí Abẹ Tó Kan Àgbọ̀n

Ọ̀rọ̀ òní dá lórí egungun ojú: bó ṣe ń ṣẹ́, ohun tó ń hù sínú rẹ̀, àti bí dókítà ṣe ń dá àrùn mọ̀ kó tó mú abẹ lọ́wọ́.

Bí ọ̀kadà bá gbé ènìyàn ṣubú tó fi àgbọ̀n gbálẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ni àwọn tó wà nítòsí máa ń rí. Èémí ni dókítà kọ́kọ́ ń wò, nítorí ẹ̀jẹ̀, eyín tó yọ tàbí ahọ́n tó sún sẹ́yìn lè dí ọ̀nà ọ̀fun láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló máa yẹ ọrùn wò, torí ohun tó le tó láti ṣẹ́ egungun ojú lè ṣe ọrùn náà léṣe. Ìgbà tí ọkàn rẹ̀ bá balẹ̀ lórí méjèèjì ló tó máa béèrè pé: “Ṣé eyín yín ṣì ń pàdé bíi ti tẹ́lẹ̀?”

Ìbéèrè náà kéré, àmọ́ iṣẹ́ ńlá ló ń ṣe. Eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀ ti mọ ara wọn tipẹ́. Bí egungun bá yẹ̀ díẹ̀ báyìí, wọn kò ní bára mu mọ́. Bí ètè ìsàlẹ̀ bá tún kú, tí ẹ̀jẹ̀ sì wọ́ jọ sábẹ́ ahọ́n, ìfura pé àgbọ̀n ti ṣẹ́ á túbọ̀ lágbára. Àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rí bí ẹ̀gbà ọwọ́ tí a gé lẹ́nu, ó sì sábà máa ń ṣẹ́ ní ojú méjì. Ẹni tó fi iwájú àgbọ̀n gbálẹ̀, àgbọ̀n rẹ̀ lè ṣẹ́ nítòsí etí. Ìdí nìyí tí dókítà fi ń wo gbogbo rẹ̀ láti etí dé etí.

Ní ti agbedeméjì ojú, René Le Fort, oníṣẹ́ abẹ ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló la ọ̀nà. Orí òkú 35 ló fi ṣe ìwádìí: ó fi nǹkan líle lù wọ́n, lẹ́yìn náà ló bó ẹran kúrò kó lè rí egungun. Ohun tó tẹ̀ jáde ní ọdún 1901 fi hàn pé egungun ibẹ̀ ní ojú ìlà mẹ́ta tó máa ń gbà ṣẹ́. Èkíní ya òkè ẹnu kúrò lábẹ́ imú; èkejì gba ẹ̀gbẹ́ imú àti abẹ́ ojú kọjá; ẹ̀kẹta ya gbogbo ojú kúrò lára agbárí. Ẹ̀rọ ayàwòrán CT ló ń fi wọ́n hàn lónìí, àmọ́ orúkọ Le Fort ni dókítà ṣì ń kọ sínú ìwé aláìsàn.

Bí a bá fẹ́ to egungun tó ṣẹ́, eyín náà ni òṣùwọ̀n. Láyé àtijọ́, wáyà ni wọ́n fi ń de eyín òkè mọ́ ti ìsàlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Ògì àti ọbẹ̀ tí a lọ̀ kúnná ni aláìsàn á máa mu, ohun tí wọ́n fi ń gé wáyà gbọ́dọ̀ wà nítòsí rẹ̀, bí èébì bá gbé e. Ní 1978, oníṣẹ́ abẹ Maxime Champy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Strasbourg fi hàn pé irin pẹlẹbẹ kékeré, tí a bá fi síkúrù dè é sí ojú ibi tó yẹ gan-an, tó láti di àgbọ̀n mú. Inú ẹnu ni wọ́n sábà ń gbà wọlé, nítorí náà àpá kì í sí lójú. Wáyà ṣì ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà fún ẹni tí owó irin náà bá ga jù fún.

Ọ̀rọ̀ wíwú àgbọ̀n ló jinlẹ̀ jù. Ẹni ọgbọ̀n ọdún àti ọmọ ọdún mẹ́fà lè jọ jókòó sí iwájú dókítà kan náà pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́ wíwú, kí ìwòsàn wọn má sì jọra rárá.

Ti àgbàlagbà lè jẹ́ ameloblastoma. Inú ohun tó ń dá eyín ló ti ń hù, àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ló sì máa ń mú jù. Kì í sábà dunni, ìyẹn ló fi ń pẹ́ kí wọ́n tó wá: wọ́n á pè é ní akọkoro, wọ́n á máa fi omi iyọ̀ ṣan ẹnu fún ọdún púpọ̀. Kì í ṣe jẹjẹrẹ, àmọ́ ó ń jẹ egungun. Lórí X-ray, àgbọ̀n lè rí bí afárá oyin. Àìsàn yìí kò ṣàjèjì sí wa: ní 1980, dókítà Adekeye tẹ ìwádìí jáde lórí aláìsàn 109 ní Nàìjíríà. Bí a bá kàn ha á, ó sábà máa ń padà wá. Nítorí náà, oníṣẹ́ abẹ máa ń gé e kọjá ibi tí X-ray fi hàn, ní sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì. Egungun ìbàdí lè dí àlàfo náà. Ní 1989, oníṣẹ́ abẹ David Hidalgo ní New York ròyìn bó ṣe lo egungun tínrín ẹsẹ̀, tòun ti iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, láti fi ṣe àgbọ̀n tuntun.

Ti ọmọdé yẹn ńkọ́? Ní ilé ìwòsàn Mulago ní Uganda, oníṣẹ́ abẹ Denis Burkitt rí àwọn ọmọ tí àgbọ̀n wọn wú, tí eyín wọn ń mì, ó sì kọ̀wé lórí wọn ní 1958. Jẹjẹrẹ ni ohun tó rí yìí, ó sì lè di ìlọ́po méjì láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Abẹ kò lè lé e bá. Oògùn jẹjẹrẹ ló ń yọ́ ọ, ọ̀pọ̀ ọmọ sì ń gbádùn bí wọ́n bá tètè dé. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́: iṣẹ́ abẹ kò ju kí a gé bíńtín lọ fún àyẹ̀wò.

Ẹ̀bẹ̀ kan ló kù, ẹ̀yin ará. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá wú tí kò lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí tí eyín kò pàdé mọ́ lẹ́yìn ìṣubú, ẹ má ṣe dúró de ìrora. Ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, LUTH ní Èkó àti ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Ilé-Ifẹ̀ ní àwọn dókítà tó kọ́ iṣẹ́ yìí. Bó bá jẹ́ ọmọdé ni, ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ tí ẹ bá rí i.