Okùn Kò Lè Dá Dókítà Dúró
Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ará Ọjà Tuntun sọ ní ìlú Ìlọrin

Ọ̀rọ̀ ìbò kọ́ ni a bá wá. Ọ̀rọ̀ dókítà tí ẹ máa ń kọ́kọ́ rí nígbà tí ara kò bá dá ni: ẹni tí ń wo ibà, ẹ̀jẹ̀ ríru àti aboyún, kí ọ̀rọ̀ tó di ti àwọn àgbà oníṣègùn ní ilé ìwòsàn ńlá.

Ẹ̀yin náà mọ bí ó ti ń rí. Ẹ ó kúrò nílé ní ìdájí, ẹ ó jókòó títí oòrùn yóò fi kan àtàrí. Nígbà tí ó bá kàn yín, dókítà lè má fún yín ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, ohùn rẹ̀ sì lè le. Ẹ ó ní ìgbéraga ni. A bẹ̀ yín, ẹ wo ẹ̀yìn tábìlì náà wò. Ó lè jẹ́ pé ó ti ṣiṣẹ́ mọ́jú. Èrò ṣì kún ẹnu ọ̀nà. Oògùn tí ó kọ lè má sí. Owó oṣù lè falẹ̀. Ní ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣàlàyé irú àárẹ̀ yìí gẹ́gẹ́ bí ohun tí wàhálà iṣẹ́ ń fà: agbára a tán, ọkàn a kúrò lára iṣẹ́, ọwọ́ a sì rọ. Bí dókítà bá dé ipò bẹ́ẹ̀, tí ó ṣe àṣìṣe, aláìsàn ni yóò jìyà rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ wọn sì ń lọ. Ní ọdún 2025, Mínísítà Ìlera, Ọ̀jọ̀gbọ́n Muhammad Ali Pate, sọ pé dókítà tí ó lé ní 16,000 ti fi Nàìjíríà sílẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún sí méje, àti pé owó tí a fi ń kọ́ ẹnì kan ju 21,000 dọ́là lọ. Ẹrù ẹni tí ó lọ, orí ẹni tí ó kù ni a gbé e lé.

Àwọn kan ní kí á fi òfin dè wọ́n. Ní oṣù kẹrin ọdún 2023, àbá òfin tí Ọ̀gbẹ́ni Ganiyu Johnson gbé wá sí Ilé Aṣojú-ṣòfin la ìkàwé kejì já: pé kí dókítà ṣiṣẹ́ ọdún márùn-ún nílé kí ó tó gba ìwé àṣẹ kíkún. Ní oṣù karùn-ún, ẹgbẹ́ àwọn dókítà tí ń kọ́ṣẹ́ àkànṣe da iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún. Yíyọ àbá náà kúrò wà lára ohun tí wọ́n béèrè. A kò sọ pé ẹni tí ó dá a lábàá kò fẹ́ràn ìlú; owó ìlú ni ó ń rò. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọlọ́jà, bí ẹ bá fi okùn so ọmọ iṣẹ́ yín mọ́ ìsọ̀, tí ẹ sì ń febi pa á, ṣé yóò fi inú dídùn tajà fún yín?

Òfin Ìlera ti ọdún 2014 ya ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ìpìlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á máa bi àwọn aṣojú wa bí wọ́n ti ń ná an. Kí á tún béèrè ilé fún dókítà, iná, owó oṣù lásìkò, àti ẹlẹ́gbẹ́ tí yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó lè sùn. Kí àwa ẹgbẹ́ òṣèlú pẹ̀lú, àti tiwa náà, yé máa fi ilé ìwòsàn tuntun yangàn láìro ẹni tí yóò ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀.

Ìpín tiyín kò nira. Bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ wá, kí á má gbé ọwọ́ sókè sí dókítà. Bí ó bá tọ́jú wa dáadáa, kí á dúpẹ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ẹni tí ń wo ara wa sàn, ẹ jẹ́ kí ara tirẹ̀ náà le. Ire o.