Ọ̀rọ̀ Lórí Àwọn Òṣìṣẹ́ Tí Ó Ní Ọ́tísíìmù



Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kì í ṣe ti oyè tàbí ti ilẹ̀. Ti àwọn ọmọ wa kan ni, tí wọ́n kàwé, tí wọ́n mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n tí wọn kì í pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ kí a tó lé wọn, tàbí tí a kò tilẹ̀ gbà wọ́n rárá.

Àwọn oníṣègùn ń pe irú ẹ̀dá wọn ní ọ́tísíìmù. Leo Kanner kọ̀wé nípa rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1943. Kì í ṣe àrùn tí ń ranni, kì í ṣe wèrè, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àfọwọ́fà òbí. Bí ọpọlọ ti ń gba ọ̀rọ̀, ariwo àti ìmọ́lẹ̀ ni ó yàtọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ayé ẹni. Àwọn kan nínú wọn kò lè sọ̀rọ̀ rárá. Àwọn mìíràn gba oyè Yunifásítì. Abuké àti àfín ni àwọn baba wa ń pè ní ẹni òrìṣà, tí a kò gbọdọ̀ fi ṣe ẹlẹ́yà. Ṣùgbọ́n èyí kò ní àmì lára.

Ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí ó ti ń dun ni. Àwa Yorùbá a máa wí pé, ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀ a di odindi. Ọ̀rọ̀ àgbà ni, a kò sì bá a jà. Ṣùgbọ́n ní ọ́fíìsì, ààbọ̀ ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni ó ń ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́. Ọ̀gá wí pé, "Bá mi wo ìwé yẹn bí àyè bá ṣí". Ohun tí ó ní lọ́kàn ni pé kí a parí rẹ̀ kí ó tó di ọ̀sán. Akọ̀wé gba ọ̀rọ̀ bí a ti sọ ọ́: àyè kò ṣí, kò wo ìwé. Wọ́n ní ó gbójú. Kí ni ó burú bí ọ̀gá bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé: "Ka ìwé yìí, kọ àṣìṣe inú rẹ̀ jáde, mú un wá ní agogo méjìlá"? Kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Ti ìkíni tún le fún wa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Akọ̀wé tí iṣẹ́ gbà lọ́kàn lè kọjá níwájú ọ̀gá láì wo ọ̀tún wo òsì. A kò ní kí a pa ìkíni tì. A ní kí ọ̀gá kọ́kọ́ mọ irú ẹni tí ó jẹ́ kí ó tó pè é ní aláìlẹ́kọ̀ọ́. Ohun kan tilẹ̀ pa wá lẹ́rìn-ín: àwọn baba wa kò fẹ́ kí ọmọdé tẹjú mọ́ àgbà, ṣùgbọ́n nísinsìnyí, àwọn kan tí ń dán ènìyàn wò fún iṣẹ́ a máa yọ máàkì ẹni tí kò bá wò wọ́n lójú!

Ní Dẹ́ńmáàkì, Thorkil Sonne, tí ọmọ rẹ̀ ní ọ́tísíìmù, dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní ọdún 2004, ó sì pè é ní Specialisterne, èyí tí í ṣe 'Àwọn Amọṣẹ́dunjú'. Iṣẹ́ wọn ni wíwá àṣìṣe inú ètò kọ̀ǹpútà. Dípò ìbéèrè ojúkojú, wọ́n fún ẹni tí ń wá iṣẹ́ ní ohun ìṣeré Lego tí a fi ń kan ẹ̀rọ tí ń rìn, wọ́n sì ń wo bí ó ti ń ṣe é. Àmì ilé-iṣẹ́ náà ni èso ewéko kan tí ewé rẹ̀ jọ yánrin tiwa: ẹnìkan a fà á tu bí èpò, ẹlòmíràn a sè é jẹ.

Ní Ìlú Ọba, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń gbé, òfin ọdún 2010 mú un ní dandan kí agbanisíṣẹ́ ṣe àtúnṣe tí agbára rẹ̀ bá ká. Síbẹ̀ ìwádìí tí a tẹ̀ jáde níbẹ̀ ní ọdún 2024 wí pé nǹkan bí 3 nínú 10 àwọn tí ó ní ọ́tísíìmù ni ó níṣẹ́ lọ́wọ́. Ní Nàìjíríà, òfin ọdún 2019 ní kí ibi iṣẹ́ ìjọba gba aláàbọ̀ ara, ó kéré tán 5 nínú 100 òṣìṣẹ́, bí ó bá ti lè ṣeé ṣe tó. Ẹni tí ń yí kẹ̀kẹ́ arọ ni ojú kọ́kọ́ ń rí; ẹni tí ariwo jẹnẹrétọ̀ ń gún létí bí abẹ́rẹ́, ta ni ó ń rí i? Kí a gbé tábìlì rẹ̀ kúrò lẹ́bàá fèrèsé yẹn, kí a jẹ́ kí ó fi nǹkan di etí, kí a sì sọ fún un ṣáájú bí ètò ọjọ́ bá máa yí padà.

Àbá wa nìyí: ẹ̀yin ọ̀gá ọ́fíìsì àti ilé-ìwé, nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ gba akọ̀wé, ẹ fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí gbogbo wọn ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, kí ẹ sì fún wọn ní díẹ̀ nínú iṣẹ́ náà ṣe lójú yín. Ẹ̀yin Ìjòyè, àwọn òbí kan ń fi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pamọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀yin ni wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún, ẹ ránṣẹ́ pè wọ́n. Akọ̀wé ẹgbẹ́ yóò gba orúkọ ọ́fíìsì tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀.