Iṣẹ́ Adàwékọ



Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, kí ni a kọ́kọ́ ṣe? Olùkọ́ kọ lẹ́tà sí ojú pátákó, àwa náà dà á kọ. Àwọn kan fi wá rẹ́rìn-ín pé iṣẹ́ ọmọdé ni. Ìlú kan wà tí wọ́n ti ń san wúrà fún un.

Tìmbúkútù ni ìlú náà, ní ilẹ̀ Málì. Láyé àtijọ́, ẹni tó bá fẹ́ ìwé níbẹ̀, adàwékọ ni yóò bẹ̀. Láàárín ọdún 1573 sí 1575, wọ́n da ìwé atúmọ̀ èdè Lárúbáwá kan kọ, apá 28 ni. Adàwékọ gba mítíkálì wúrà kan lórí apá kọ̀ọ̀kan. Mítíkálì kan kò pé gíráàmù 5. Ẹlòmíràn ń kà á, ó ń fi í wé ti àkọ́kọ́, ó ń tún àṣìṣe ṣe. Ìdajì mítíkálì ni tirẹ̀. Inú ìwé náà gan-an ni wọ́n kọ owó yìí sí.

Lónìí, ẹ̀rọ ń tẹ ìwé, fóònù ń ya fọ́tò. Síbẹ̀, àwọn kan ní Tìmbúkútù ṣì ń fi kálàmù àti tàdáwà da ìwé àtijọ́ kọ. Ó ti di iṣẹ́ ọnà. Àwọn èèyàn ń rà á, wọ́n ń gbé e kọ́ sára ògiri bí àwòrán. Ó yẹ bẹ́ẹ̀, lójú tèmi. Adàwékọ gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ọwọ́ olóògbé ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ àti ibi tí ó ti fúyẹ́. Ẹni tó bá ní kò le, kí ó gbìyànjú ìlà mẹ́ta péré.

Ní ọdún 2012, àwọn agbébọn gba ìlú náà. Àwọn onílùú fi àpótí irin kó ọ̀pọ̀ ìwé lọ sí Bamako ní ìkọ̀kọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2013, kí àwọn agbébọn náà tó sá lọ, wọ́n dáná sun lára èyí tó kù. Àwọn tó jóná àti àwọn tí wọ́n jí lé ní 4,000.

Níhìn-ín, ikán ni tiwa. Bóyá bàbá yín fi káyé kan sílẹ̀: ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ, gbèsè, ààlà oko. Ẹ ra káyé tuntun, kí ẹ dà á kọ ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Bí bàbá bá ṣi orúkọ kan kọ, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ibi tí ẹ kò bá lè kà, ẹ fi àyè sílẹ̀, ẹ má fi tiyín dí i. Kí ẹlòmíràn fi í wé ti àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ orúkọ yín àti ọjọ́ òní sí ìsàlẹ̀. Kí ẹ sì tọ́jú káyé bàbá, ẹ má jù ú nù.