Fóònù Lè Darúgbó, Ohun Inú Rẹ̀ Kò Gbọdọ̀ Sọnù

  

Ìgbìmọ̀ tó ṣètò ọjọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ìdílé. Ọ̀rọ̀ náà gbòòrò púpọ̀. Mo wá gé e kù sí ibi tí mo mọ̀ dáadáa: fóònù kan tí mo lò fún ọdún 12, bí mo ṣe ń tún un ṣe, àti bí mo ṣe fi í sílẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ló kan ẹgbẹ́ nínú fóònù arúgbó, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́, àkọsílẹ̀ owó oṣooṣù, àwòrán ìsìnkú àwọn òbí wa, ohùn àwọn tó ti kú, níbo ni wọ́n wà lónìí? Inú fóònù ni. Bí fóònù bá wá kú, ṣé kí wọ́n bá a lọ ni?

TA NI Ó NI FÓÒNÙ?

Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kó kúrò ní Èkó wá sí Àbújá ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991, orí tábìlì ni fóònù wà. NITEL ló ni okùn rẹ̀, ọ̀gá ọ́fíìsì ló sì ń mú kọ́kọ́rọ́ àgádágodo kékeré tí wọ́n fi ń tì í dání. Àwọn tí a jọ ṣiṣẹ́ ọba rántí àgádágodo yẹn dáadáa. Ọdún 2001 ni GSM dé, tí oníkálùkù ń gbé tirẹ̀ sínú àpò, tí a sì rò pé àgádágodo ti lọ. Kò lọ o. Ó kàn wọ inú fóònù lọ ni. Ẹ ó fi owó yín ra fóònù, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe é ló ń sọ ohun tí ẹ lè ṣí nínú rẹ̀ àti ìgbà tí iṣẹ́ rẹ̀ yóò parí.

Fóònù tí mò ń sọ yàtọ̀ díẹ̀. Nokia N900 ni orúkọ rẹ̀. Ó jáde sọ́jà ní oṣù Kọkànlá ọdún 2009, ọmọ mi tó wà ní London sì fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí mi ní ọdún 2010. Ó wúwo tó gíráàmù 181. Bí ẹ bá ti ojú rẹ̀ sókè, àwọn bọ́tìnnì lẹ́tà yóò yọ jáde nísàlẹ̀ ní ìlà mẹ́ta, bíi ti kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà náà sì ni ní tòótọ́, nítorí ètò tó ń darí rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Maemo, orí Linux ni wọ́n gbé e lé.

Linux yìí, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní ìlú Helsinki, ní orílẹ̀-èdè Finland, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1991. Linus Torvalds ni orúkọ rẹ̀. Kò ti iṣẹ́ náà mọ́lé. Ó gbé e síta kí gbogbo ayé lè kà á, kí wọ́n tún un ṣe, kí wọ́n sì pín in fún ẹlòmíràn. Ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹni tó bu ọbẹ̀ fún yín àti ẹni tó kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń sè é. Ẹni àkọ́kọ́ bọ́ yín lónìí. Ẹnì kejì, bí kò tilẹ̀ sí nílé mọ́, ẹ ó máa rí ọbẹ̀ jẹ.

Àwọn ọmọ wa lè sọ pé Android tí wọ́n ń lò náà ní Linux nínú. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta á ti ti ìlẹ̀kùn yàrá inú pa. N900 kò ti tirẹ̀ pa. Fèrèsé dúdú kan wà nínú rẹ̀ tí ẹ lè kọ àṣẹ sí, fóònù yóò sì ṣe é.

OHUN MÉJÌ TÍ MO RÍ ṢE

Èkíní ni ọ̀rọ̀ káàdì ìpè. Ẹ rántí ayé ìgbà yẹn: a ó ra káàdì lójú títì, a ó fi owó ẹyọ ha á, a ó tẹ ìràwọ̀, a ó tẹ nọ́ńbà gígùn. Ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ìràwọ̀ tirẹ̀ kí wọ́n tó sọ gbogbo rẹ̀ di *311* ní ọdún 2023. Bí Maemo ṣe kọ́kọ́ jáde, kò sí ètò fún kóòdù oníràwọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú rẹ̀. Nígbà náà, bí mo bá fẹ́ fi owó sí i, mo ní láti yọ síìmù, kí n fi í sínú fóònù kékeré alátọ́ọ̀ṣì, kí n fi owó sí i níbẹ̀, kí n tó dá a padà. Ìyàwó mi fi èyí rẹ́rìn-ín tó.

Kò pẹ́ tí àwọn tó ń lo fóònù náà káàkiri ayé fi kọ ètò kékeré tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn, wọ́n sì fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Mo fi ọwọ́ ara mi gbé e sínú fóònù ní alẹ́ ọjọ́ kan. Kò sí ilé-iṣẹ́ kankan tó bá wa ṣe é. Ẹni tí bàtà ń ta ló jókòó tún bàtà ṣe, ó sì fún gbogbo ẹlẹ́sẹ̀ bíi tirẹ̀.

Èkejì ló ṣe pàtàkì jù lọ́kàn mi. Akọ̀wé ẹgbẹ́ wa ni mí nígbà náà. Lẹ́nu iṣẹ́ ọba, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wa kò mọ àmì èdè Yorùbá. Bí wọ́n bá tẹ ìwé tán, a ó fi báírò to àmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí fóònù dé, a kò tilẹ̀ to ó mọ́. Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Bí akọ̀wé bá kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé pé "owo wa ti dinku", kí ló dínkù? Ṣé owó ni? Ṣé òwò ni? Àbí ọ̀wọ̀? Lẹ́tà kan náà ni gbogbo wọn lójú ẹni tí kò fi àmì sí i.

Nínú N900, ibi tí wọ́n kọ ètò bọ́tìnnì sí jẹ́ fáìlì lásán tí ènìyàn lè ṣí kà. Bọ́tìnnì yìí, lẹ́tà báyìí. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ pọ̀ mọ́ bọ́tìnnì aláwọ̀ búlúù, lẹ́tà báyìí. Mo fi ẹ, ọ, àti ṣ sí i, mo fi àmì òkè àti àmì ìsàlẹ̀ sí i. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló gbà mí, nítorí bí ènìyàn bá fi ẹyọ àmì kan sílẹ̀, àwọn bọ́tìnnì kò ní gbọ́ràn. Láti ìgbà náà ni mo ti ń kọ ìwé ìpàdé wa bó ṣe yẹ. Mo kọ orúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ àti ti àwọn òbí wọn tó ti kú pẹ̀lú àmì ohùn, mo sì ń bi onílé léèrè bí wọ́n ṣe ń pè é. Orúkọ tí a kọ láìní àmì, ọmọ-ọmọ tí wọ́n bí sí Àbújá tàbí Houston kò ní mọ bí yóò ṣe pè é.

OGÚN ỌMỌDÉ KÌ Í ṢERÉ FÚN OGÚN ỌDÚN

Ara fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í di hẹ́gẹhẹ̀gẹ. Bátìrì kọ́kọ́ rẹ̀. Ìyẹn kò le, nítorí irú bátìrì kan náà, BL-5J, ni Nokia 5800 àti 5230 ń lò, àwọn yẹn sì pọ̀ ní Nàìjíríà. Mo rí i rà ní Banex ní Wuse 2. Lẹ́yìn náà ni ihò ṣájà tú nítorí títì bọ̀ ọ́ àti fífà yọ lójoojúmọ́. Ẹnjiníà ọ̀dọ́ kan jó o padà pẹ̀lú òjé. Ó bi mí pé, "Bàbá, ẹ ò ṣe ra tuntun?" Mo ní èyí ṣì ń gbọ́ Yorùbá.

Ṣùgbọ́n àìsàn tó le jù kò sí lára rẹ̀. Ìta ló ti wá. Ní oṣù Kejì ọdún 2011, Nokia kéde pé Windows ti Microsoft ni fóònù àwọn yóò máa lò. Ní ọdún 2014, Microsoft ra iṣẹ́ fóònù náà. Àtúnṣe ńlá tó gbẹ̀yìn láti ọwọ́ Nokia fún N900 ti jáde láti oṣù Kẹwàá ọdún 2010. Àwọn tó ń lò ó ló ń tún un ṣe fúnra wọn láti ìgbà náà.

Títún inú ṣe kò wá lè dá ayé dúró. 4G dé, kò mọ̀ ọ́n. WhatsApp dé, tí gbogbo ẹgbẹ́ kó lọ síbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ WhatsApp kò ṣe ti N900. Báǹkì ṣe áàpù. Kò kàn án. Àgádágodo tí íntánẹ́ẹ̀tì fi ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ wa náà yí padà. Ní nǹkan bí ọdún 2020, àwọn tó ń ṣe ètò tí a fi ń ka íntánẹ́ẹ̀tì pa irú àgádágodo àtijọ́ tì nítorí olè ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, ọ̀kan nínú àwọn ìwé ẹ̀rí tí ẹ̀rọ àtijọ́ fi ń dá ojúlówó mọ̀ kọjá àkókò rẹ̀. Fóònù mi ń kan ìlẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó ń dá a lóhùn. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ti lọ sílé.

Mo sọ fún ara mi ní ọdún 2022 pé ó tó gẹ́ẹ́. Ìtúnṣe dára, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń tún àga ṣe títí kò ní ráyè jókòó lórí rẹ̀.

OHÙN BÀBÁ

Ohun tó wà nínú rẹ̀ ló dẹ́rù bà mí. Ní ọdún 2011, mo fi fóònù náà ya fídíò bàbá tó dàgbà jù nínú ẹgbẹ́ wa nígbà náà, ìṣẹ́jú 23. Wọ́n ki oríkì orílẹ̀ wọn, wọ́n ka orúkọ àwọn baba ńlá wọn sẹ́yìn débi tí mo sọ kíkà nù, wọ́n sì sọ bí àwọn àkọ́kọ́ nínú wa ṣe ń sùn ní ẹni mẹ́fà nínú yàrá kan ní Garki. Ọdún 2016 ni wọ́n papò dà. Àwọn ọmọ wọn ní àwòrán. Ohùn, wọn kò ní.

Nígbà tí mo fẹ́ kó ẹrù, ihò ṣájà tún ti tú, wáyà kò sì gbà mọ́. Mo fi ṣájà tí wọ́n ń ti bátìrì nìkan bọ̀ gba iná sí i. Nítorí pé kọ̀ǹpútà ni fóònù náà nínú, mo so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mi láìlo wáyà, mo sì kọ àṣẹ kó fi ohun gbogbo ránṣẹ́. Ó gba òru kan. Bátìrì kú lẹ́ẹ̀mejì. Mo pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo ṣí fídíò náà lórí fóònù tuntun, ohùn bàbá sì jáde ketekete.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàkíyèsí ohun tó jẹ́ kó jáde. Fídíò náà jẹ́ MP4, àwòrán jẹ́ JPEG, ìwé ìpàdé sì jẹ́ fáìlì ọ̀rọ̀ lásán. Ẹ̀rọ gbogbo ló mọ̀ wọ́n. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ akápò níbòmíràn fi áàpù kan ṣe àkọsílẹ̀ owó ẹgbẹ́ wọn fún ọdún mẹ́rin. Àwọn tó ni áàpù náà kógbá wọlé. Fóònù rẹ̀ ṣì ń tàn, ó mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n iye tí olúkúlùkù san kò jáde mọ́. Ìjà tó tẹ̀lé e kò tíì parí.

Èyí gan-an ni kókó ọ̀rọ̀ mi. Òmìnira tí mo gbádùn kò sí nínú páálí fóònù. Ó wà nínú pé ohun tó jẹ́ tiwa lè jáde nígbà tí a bá fẹ́. Mo fún ìdílé bàbá ní ẹ̀dà. Ọmọ-ọmọ wọn obìnrin, tí kò bá wọn láyé, ti mọ ìlà mẹ́rin nínú oríkì náà báyìí.

ÌMỌ̀RÀN FÚN ẸGBẸ́ ÀTI ÌDÍLÉ

1. Bí ẹ bá gba ohùn àgbà sílẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú fóònù kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Ẹ̀dà mẹ́ta ni kó ní, ọ̀kan nínú wọn ní ilé mìíràn.

2. Kí ẹgbẹ́ máa kọ orúkọ, owó àti ìwé ìpàdé sínú fáìlì tí ẹ̀rọ gbogbo lè ṣí, kí a sì tẹ̀ ẹ́ sórí bébà lọ́dọọdún. Kí a fi àmì sí orúkọ.

3. Kí ẹ tó ra fóònù, ẹ béèrè iye ọdún tí wọn yóò fi máa ṣe àtúnṣe sí i. Fóònù olówó pọ́ọ́kú tí kò ní àtúnṣe mọ́ lè wọ́n yín ju olówó ńlá lọ.

4. Bí ẹ bá ń fi fóònù sílẹ̀, ẹ yọ báǹkì kúrò nínú rẹ̀, ẹ nù ún mọ́, ẹ má sì fi síìmù yín tọrẹ. Láti ìgbà tí ìjọba ti pàṣẹ ní oṣù Kejìlá ọdún 2020 pé kí a so síìmù mọ́ NIN, orúkọ yín ló wà lára rẹ̀.

5. Ẹ má sun ún níná, ẹ má sì da bátìrì rẹ̀ sórí ààtàn. Bátìrì yẹn lè gbaná, májèlé inú rẹ̀ sì ń wọ ilẹ̀ àti omi. Òfin lórí ẹ̀rọ oníná wà láti ọdún 2011, ọwọ́ NESREA ló sì wà.

6. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó wà nílé, ẹ gbé Linux sí i. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ṣí inú nǹkan wò. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń sè é kì í fi ebi sùn.

Fóònù náà kò sí lọ́wọ́ mi mọ́. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn kan ṣì wà láyé tó ń ṣe ètò tuntun fún irú rẹ̀, àwọn bíi Maemo Leste àti postmarketOS tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2017. Ọmọ náà sọ fún mi lóṣù tó kọjá pé òun ti mú kó tàn, ṣùgbọ́n kò tíì lè pe ènìyàn. Mo ní kó máa bá a lọ.

 Ọlọ́run yóò dá ẹgbẹ́ wa sí, ohùn àwọn àgbà wa kò ní pa rẹ́.