Ẹrù Tí Àwọn Ọdẹ Gbé Bọ̀ Wálé: Ọdún Kan Lórí Ìwé D. O. Fágúnwà

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba tí a ṣe ní Ìlọrin

  Láti ọdún tó kọjá ni ẹgbẹ́ òǹkàwé yìí ti pinnu pé ìwé Fágúnwà nìkan la ó máa kà títí ọdún yóò fi yípo. Ọdún ti yípo, ẹ wá ní kí n sọ ohun tí a rí nínú rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ gbà lọ́wọ́ mi lónìí: ọ̀rọ̀ ìyànjú tó kún inú ìwé Fágúnwà, tí àwọn kan ń pè ní àbùkù rẹ̀, òun gan-an ni ẹrù tí ìtàn náà rìn lọ gbé. Ẹni tó bá fò ó kọjá kò tíì ka Fágúnwà.

Òǹkọ̀wé náà

Ẹ mọ̀ ọ́n, n kò ní pẹ́ níbí. Ọmọ Òkè-Igbó ni Daniel Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà, 1903 ni wọ́n bí i. Ó kàwé ní St. Andrew's ní Ọ̀yọ́, ó sì ṣe olùkọ́ níbẹ̀. Ìwé ìtàn àròsọ márùn-ún ló kọ: Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ní 1938, Igbó Olódùmarè àti Ìrèké Oníbùdó ní 1949, Ìrìnkèrindò Nínú Igbó Elégbèje ní 1954, àti Àdììtú Olódùmarè ní 1961. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1963 ni odò gbé e lọ nítòsí Bídà. Abẹ́ ìjọba Àríwá kan náà ni Bídà àti Ìlọrin wà nígbà náà, nítorí náà ikú rẹ̀ kò jìnnà sí wa.

Ní ti ohun tí à ń pè ní ìtàn àròsọ, ìtàn gígùn tí òǹkọ̀wé fi ọgbọ́n inú hun ni, tí kì í ṣe ewì, tí kì í sì ṣe eré oníṣe. Ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má sì pe Fágúnwà ní ẹni àkọ́kọ́ tó kọ irú rẹ̀. I. B. Thomas ti kọ ìtàn Sẹ̀gilọlá sínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó láti 1929 sí 1930.

Àríyànjiyàn àtijọ́

Ibi tí mo ń lọ nìyí. Láti ìgbà tí mo ti wà ní akẹ́kọ̀ọ́ ni mo ti ń gbọ́ ẹ̀sùn méjì lórí Fágúnwà. Àkọ́kọ́ ni pé ìwàásù rẹ̀ ti pọ̀ jù: ìtàn á máa dùn bọ̀, iwin á máa bọ̀, Kàkò, ọ̀kan nínú àwọn akọni Ògbójú Ọdẹ, á ti gbé kùmọ̀ sókè, òǹkọ̀wé á wá dá gbogbo rẹ̀ dúró láti gba èèyàn níyànjú. Èkejì ni pé ọ̀dọ̀ John Bunyan ló ti rí ọgbọ́n yìí, nínú ìwé ìrìn àjò onígbàgbọ́ tí David Hinderer, oníwàásù ọmọ Jámánì tó gbé ní Ìbàdàn, túmọ̀ sí Yorùbá ṣáájú kí wọ́n tó bí Fágúnwà.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan ní yunifásítì nígbà náà. Olóògbé ni báyìí, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ó gbà pé tí wọ́n bá yọ gbogbo ìwàásù kúrò nínú Ògbójú Ọdẹ, ìwé náà á gún régé. Ọ̀pọ̀ alẹ́ la fi ja ìjà yìí títí iná fìtílà fi ń kú. Ìbéèrè tí mo máa ń bi í nìyí: tí o bá yọ ọ́, kí ni àwọn ọdẹ náà lọ mú wálé?

Ẹ jẹ́ ká wo ìwé náà. Ọba pe Àkàrà-ògùn, ògbójú ọdẹ inú ìtàn náà, ó ní kó kó àwọn akọni jọ, kí wọ́n lọ sí Òkè Láńgbòdó, kí wọ́n lọ mú ohun tí yóò fún ìlú òun ní àlàáfíà wá. Kàkò oníkùmọ̀ ẹkùn bá wọn lọ, Ìmọ̀dòye bá wọn lọ, Olóhùn-iyọ̀ bá wọn lọ, àti àwọn mìíràn. Wọ́n la igbó Irúnmalẹ̀ kọjá, wọ́n jìyà, wọ́n ja ìjà tí ọmọdé kì í gbàgbé. Nígbà tí wọ́n dé Láńgbòdó, kí ni wọ́n bá níbẹ̀? Ọ̀dọ̀ Ìrágbèje ni wọ́n mú wọn lọ, nínú ilé olójúlé méje, ọkùnrin náà sì fi ọjọ́ méje bá wọn sọ̀rọ̀. Kò sí iwin níbẹ̀, kò sí kùmọ̀. Ó sọ̀rọ̀ lórí ọmọ títọ́, ó sọ̀rọ̀ lórí ìwà, ó pa ìtàn tẹ̀lé ìtàn. Àwọn ọdẹ tí ẹnikẹ́ni kò lè mú jókòó nínú igbó, ọ̀rọ̀ ẹnu mú wọn jókòó fún ọjọ́ méje.

Ẹ gbọ́ ohun tí Fágúnwà ṣe. Ó fi ìjà kún ọ̀nà, ó fi ọ̀rọ̀ sí òpin ọ̀nà. Ìjà ni owó ibodè. Ọ̀rọ̀ ni ọjà tí wọ́n wá rà. Ẹni tó bá ní kí wọ́n gé Ìrágbèje kúrò ń sọ pé kí àwọn ọdẹ lọ sí Láńgbòdó kí wọ́n sì padà lọ́wọ́ òfo.

Ó yà mí lẹ́nu pé ní Ìlọrin níbí ni mo tún ti gbọ́ ẹ̀sùn ìwàásù yìí lọ́dún yìí, láti ẹnu àwọn ọ̀dọ́ wa. Ìlọrin kẹ̀! Ìlú tí oríkì rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń yin dídùn ẹnu àwọn ọmọ rẹ̀! Ta ni nínú yín tí kò tíì jókòó síbi wáàsí nínú oṣù Àwẹ̀? Ààfáà á ka Kùránì, á túmọ̀ rẹ̀, á wá pa ìtàn. Ibi tí ìtàn bá ti gbóná ni yóò ti dá a dúró, á bá wa wí, á dá orin, a óò gbè é, lẹ́yìn náà ni yóò tó padà sí ìtàn. Ẹnikẹ́ni kì í dìde lọ nítorí pé ó dá ìtàn dúró. Ìdúró yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ fi ń wọ èèyàn lára. Ọgbọ́n tí a fi ń gbọ́ wáàsí yìí ni kí ẹ fi ka Fágúnwà, ẹ óò rí i pé ó mọ ibi tó yẹ kó dúró.

Ní ti Bunyan, ó ṣeé ṣe kí Fágúnwà ti kà á. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyàtọ̀. Èrò inú ìwé Bunyan fi ìlú rẹ̀ sílẹ̀, ó lọ gba ọkàn ara rẹ̀ là, kò sì padà mọ́. Àwọn ọdẹ Fágúnwà padà. Ọba ló rán wọn, ìlú ló ń dúró dè wọ́n, wọ́n sì pàdánù àwọn kan lọ́nà kí iṣẹ́ náà tó délé. Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ sí Mẹ́kà mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ: ẹni tó lọ ní láti bọ̀, kí ará ilé lè rí i lára ìwà rẹ̀ pé ó lọ. Ìrìn àjò tó ní àbọ̀ ni ti Fágúnwà, èyí kò sì sí lọ́wọ́ Bunyan.

Ìbáwí díẹ̀

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí mi. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan wà láàárín wa tí àkékúrú ìtàn nìkan ni wọ́n kà fún ìdánwò. Ohun àkọ́kọ́ tí irú àkékúrú bẹ́ẹ̀ ń gé dànù ni ọ̀rọ̀ Ìrágbèje. Àwọn òbí kan sì wà tí wọ́n ń fi èdè mìíràn bá ọmọ sọ̀rọ̀ nílé, tí wọ́n wá ń retí kí olùkọ́ fi Yorùbá lé e lọ́wọ́ nílé ìwé. Kò ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀. Létí ni Fágúnwà ti ń dùn kó tó dé ojú ìwé.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn

Wọ́n bi wá pé kí ló kan Mùsùlùmí nínú ìwé onígbàgbọ́. Kristẹni ni Fágúnwà, kò fi pamọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìyá àti bàbá, ọ̀rọ̀ ojúkòkòrò, ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ burúkú, ẹ̀kọ́ ilé ni gbogbo wọn. Ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn ìwé yòókù àti ìtumọ̀ wọn

Mo rí i pé alága ti ń wo aago. Nínú Igbó Olódùmarè, Bàbá-onírùngbọ̀n-yẹ́úkẹ́ ló ṣe iṣẹ́ Ìrágbèje. Nínú Ìrìnkèrindò, Òkè Ìrònú ni àwọn ọdẹ ń lọ. Orúkọ òkè náà ti sọ ìdí ìrìn àjò. Àdììtú Olódùmarè ní ìfẹ́ àti lẹ́tà ìfẹ́ nínú, ó sì tọ́ kí á fún un ní ọjọ́ tirẹ̀.

Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ Ògbójú Ọdẹ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968, ó sì túmọ̀ Igbó Olódùmarè ní 2010. Iṣẹ́ ńlá ni. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá kò gbọdọ̀ dúró síbẹ̀.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún

Lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ ka Ọládẹ̀jọ Òkédìjí àti Adébáyọ̀ Fálétí, kí ẹ wo bí ìtàn ṣe kúrò nínú igbó wọ ìgboro. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ṣí wọn, ẹ ka ọ̀rọ̀ Ìrágbèje sókè nínú agbo ilé yín, ojúlé kan lálẹ́ ọjọ́ kan, fún ọjọ́ méje, kí ọmọdé àti àgbà jọ gbọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ bi yín léèrè, kí ẹ sì fi Yorùbá dá wọn lóhùn.