Ayétòrò Létí Òkun: Ibi tí Ọwọ́ Ará Ìlú Mọ, àti Ibi tí Ti Ìjọba Ti Yẹ kí ó Bẹ̀rẹ̀

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa ní Ìwó)

 

Ìlú kan tí ó jìnnà sí wa ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí, nítorí ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú rẹ̀ fún ẹgbẹ́ bíi tiwa. Ayétòrò ni orúkọ rẹ̀. Kì í ṣe Ayétòrò ti ilẹ̀ Yewa ni à ń wí. Ti Ìlàjẹ ni, ní ìpínlẹ̀ Òǹdó, létí òkun gan-an. Ìgbókòdà ni ẹni tí ń lọ síbẹ̀ ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi. Omi àti ẹrẹ̀ ni ó yí ìlú náà ká. Orí òpó ni wọ́n kọ́ ilé sí, pákó ni wọ́n sì tẹ́ ṣe títì. Bí omi ti pọ̀ tó níbẹ̀, òjò ni wọ́n ń gbẹ́kẹ̀ lé fún omi mímu, nítorí iyọ̀ ni omi tí ó yí wọn ká.

Ní ọdún 1947 ni àwọn ọmọ Ìjọ Kérúbù àti Séráfù kan tẹ ìlú náà dó. Ìjà ti wà láàrin wọn àti àwọn aládùúgbò wọn nípa àṣà àtijọ́, pàápàá pípa ìbejì, tí wọ́n kọ̀ láti fara mọ́. Wọ́n kó ẹrù wọn, wọ́n sì lọ dúró lórí ilẹ̀ ẹrẹ̀. Wọ́n ṣe òfin kan tí ó ya àwọn ènìyàn lẹ́nu: kò sí owó ọ̀yà, kò sí òwò aládàáni. Ẹja tí apẹja pa, aṣọ tí ahunṣọ hun, èrè tí ọkọ̀ mú bọ̀ láti òde, inú àpò kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ ń wọ̀. Láti inú àpò náà ni ìlú ti ń bọ́ tọmọdé tàgbà, tí ó ń dáṣọ fún wọn, tí ó sì ń kọ́lé fún wọn. Wọ́n kan ọkọ̀ ojú omi tí ó ń lo ẹ́ńjìnnì. Wọ́n ní ilé ìhunṣọ, ilé ìránṣọ, ilé ìṣebàtà, ilé búrẹ́dì àti ilé ìfọṣọ. Ní àwọn ọdún 1950, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ilẹ̀ Yorùbá ṣì ń tan fìtílà, iná mànàmáná ti ń tàn ní Ayétòrò. Àwọn àlejò ń wá wò ó, wọ́n sì ń pè é ní Ìlú Aláyọ̀.

Ọ̀mọ̀wé kan láti Kánádà, Stanley Barrett, lọ gbé láàrin wọn láti kẹ́kọ̀ọ́ nípa wọn, ìwé rẹ̀ sì jáde ní ọdún 1977. Ó fi Ayétòrò wé abúlé kan tí kò jìnnà sí i, tí àwọn ará ibẹ̀ ń sin Ọlọ́run lọ́nà kan náà, tí wọ́n sì ń pẹja bákan náà. Ayétòrò là; abúlé kejì kò là tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó rí ni pé kì í ṣe ìjọsìn nìkan ni ó mú Ayétòrò là, bí kò ṣe iṣẹ́ àjọṣe. Ní ìparí àwọn ọdún 1960 ni wọ́n fàyè gba kí olúkúlùkù máa ṣòwò tirẹ̀, agbára àwọn ilé iṣẹ́ àjọni sì ń dín kù. A kò sọ pé kí Ìwó kó owó gbogbo wa sínú àpò kan. Ohun tí à ń wí ni pé jíjìnnà kì í ṣe òṣì. Àgbájọ ọwọ́ ni wọ́n fi sọ ẹrẹ̀ di ìlú.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àpá wọn kò ká. Òkun ti ń jẹ ilẹ̀ Ayétòrò láti ọ̀pọ̀ ọdún wá. Ó ti gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé lọ, àti ilé ẹ̀kọ́, àti ilé ìwòsàn. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà láàrin ìlú nígbà kan bá ara rẹ̀ létí omi. Àwọn mìíràn ti tú pákó ilé wọn, wọ́n tún un kọ́ sẹ́yìn, omi sì tún lé wọn bá.

Èé ṣe tí ó fi rí bẹ́ẹ̀? Ẹni tí ó mọ etí òkun Èkó mọ̀ pé yanrìn ni. Ti apá Ìlàjẹ yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹrẹ̀ ni, ìgbì a sì máa fọ ẹrẹ̀ lọ kánkán. Èkejì, òkun ń ga sí i káàkiri ayé, nítorí pé ayé ń gbóná sí i, yìnyín ilẹ̀ òtútù ń yọ́, omi òkun tí ó móoru sì ń fẹ̀. Ẹ̀kẹta, àwọn tí ń wa epo rọ̀bì ti la ọ̀nà omi gba inú igbó ẹrẹ̀ ní agbègbè náà. Omi iyọ̀ gba ibẹ̀ wọlé, ó pa igi, ó sì ba omi tí kò ní iyọ̀ jẹ́. Láti àwọn ọdún 2000 ni ìjọba ti ń gbé iṣẹ́ dídá òkun dúró fún agbaṣẹ́ṣe, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ọdún ń gorí ọdún, òkun kò rí odi tí yóò dá a dúró.

Wàhálà yìí kò mọ sí ilẹ̀ wa. Orílẹ̀-èdè Indonéṣíà ní erékùṣù tí ó ju 17,000 lọ. Ní Demak, ní àríwá erékùṣù Java, etí òkun ẹlẹ́rẹ̀ bíi ti Ìlàjẹ wà níbẹ̀. Wọ́n ti gé àwọn igi inú omi iyọ̀, tí gbòǹgbò wọn dúró bí ẹsẹ̀ alákàn, láti fi àyè wọn ṣe adágún ẹja àti edé. Bí igi ti lọ ni òkun ń gbé abúlé mì. Àwọn ará ibẹ̀, ìjọba wọn àti àwọn onímọ̀ láti ilẹ̀ Netherlands wá fi ọ̀pá àti ẹ̀ka igi ṣe ọgbà sínú omi, kí ẹrẹ̀ lè gbára jọ lẹ́yìn rẹ̀, kí igi sì tún hù. Ó ṣe iṣẹ́ níbòmíràn. Ṣùgbọ́n àwọn ilé iṣẹ́ àti ìlú ńlá ìtòsí ń fa omi abẹ́ ilẹ̀, ilẹ̀ sì ń rì. Ará abúlé lè so ọgbà. Kò lè pàṣẹ fún ilé iṣẹ́ pé kí ó dẹ́kun omi fífà. Ìjọba nìkan ni ó lè ṣe é.

Kí wá ni ọjọ́ ọ̀la Ayétòrò? Ọ̀nà mẹ́ta ni a rí. Èkíní, kí ìjọba mọ odi gidi sí òkun, kí wọ́n sì dúró. Èkejì, kí a bá wọn wá ilẹ̀ tí omi kò lè dé, tí kò sì jìnnà sí omi tí wọ́n ń pẹja, kí wọ́n ṣí lọ pọ̀ pẹ̀lú ọba wọn, ilé ìjọsìn wọn àti ilé ẹ̀kọ́ wọn. Ẹ̀kẹta, kí olúkúlùkù máa sá lọ níkọ̀ọ̀kan títí kò fi ní ku ẹnì kan. Ọ̀nà kẹta yìí ni ó burú jù, kò sì sí ẹni tí yóò yàn án. Fúnra rẹ̀ ni yóò dé bí a kò bá tètè mú ọ̀kan nínú méjì ìṣáájú.

Ẹ̀yin ọmọ odídẹrẹ́, bóyá ẹnì kan ń rò pé kí ni ó kan Ìwó, tí kò ní òkun? Ẹja gbígbẹ àti edé tí ń ti etí òkun dé ọjà wa, irú àwọn ènìyàn yìí ni ó ń pa á, tí àwọn obìnrin wọn sì ń yan án. Ju ìyẹn lọ, àwọn àgbà wa ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ará ilé lè gbẹ́ kànga; ìdídò tí ó sọ odò Àìbá di adágún kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ará ilé. Ẹgbẹ́ tí kò bá mọ ìyàtọ̀ yìí yóò ṣe àṣìṣe méjì: yóò máa bẹ ìjọba fún ohun tí ó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, yóò sì máa dá owó fún ohun tí ó jẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba.

Nítorí náà, a dá ohun mẹ́ta lábàá. Kí àwọn ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa gbogbo kọ iṣẹ́ ìlú sí ọ̀nà méjì: èyí tí a óò ṣe fúnra wa, àti èyí tí a óò béèrè. Kí akọ̀wé wa ní ìwé kan tí yóò máa kọ gbogbo ìlérí ìjọba fún Ìwó sí, ọjọ́ tí a ṣe é, iye owó rẹ̀, àti agbaṣẹ́ṣe tí a gbé e fún. Kí a máa ka ìwé náà sókè ní gbogbo ìpàdé ọdún. Ẹ̀kẹta, kí a kọ̀wé ní orúkọ ẹgbẹ́ wa sí ìjọba àpapọ̀ nípa Ayétòrò. Bí ìlú tí kò sí nínú ewu náà bá dá sí i, a kò ní lè sọ pé àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn nìkan ni ó ń pariwo.

Àwọn tí ó tẹ Ayétòrò dó kò dúró de ẹnikẹ́ni ní ọdún 1947. Wọ́n ti ṣe tiwọn. Ó ku ti àwọn tí agbára wà lọ́wọ́ wọn, àti ti àwa tí a lè rán wọn létí. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí Ìwó tòrò, kí Ayétòrò náà sì tòrò.