Orin Inú Ilé Wa àti Etí Aládùúgbò

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá fún àyẹ̀wò lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbò, kì í sì í ṣe ti owó epo bẹntiróòlù. Ọ̀rọ̀ bọ́tìnnì kékeré kan ni, èyí tí ó wà lára ẹ̀rọ orin inú ilé wa, tí a ń yí láti mú ohùn orin lọ sókè tàbí láti mú un wá sílẹ̀. Bọ́tìnnì yìí kò tóbi ju ìdérí ìgò lọ, ṣùgbọ́n ó ti ba àárín àwọn tí ó jọ ń gbé ojú kan jẹ́ ní Èkó, ní Kánò, ní Ọ̀nìṣà àti ní Kàdúná. Ó ti sọ àwọn tí ó ti jọ ń jẹun nínú àwo kan rí di ẹni tí kì í kí ara wọn mọ́ láàárọ̀. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò nìyí: báwo ni ó ṣe yẹ kí orin inú ilé ẹni ròkè tó, níbo ni ó sì yẹ kí a dúró sí láti wọ̀n ọ́n?

Kí a tó bá ẹnikẹ́ni wí, ó tọ́ kí a mọ ìdí tí orin tí ó ròkè fi ń wu ènìyàn, nítorí kì í ṣe ìwà burúkú nìkan ni ó fà á. Ní ọdún 1935 ni ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa okùn rédíò wọ ilé àwọn tí ó lè san owó rẹ̀ ní Èkó. Àpótí tí ó ń fọhùn náà ni àwọn baba wa sọ ní asọ̀rọ̀mágbèsì, nítorí pé ó ń sọ̀rọ̀ fún ni, kì í sì í gbọ́ èsì. Kì í ṣe gbogbo ilé ni ó ní i, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo ilé ni ó ní ẹ̀rọ giramafóònù. Ẹni tí ó bá ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀, a máa ṣí fèrèsé rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu, a sì máa jẹ́ kí ohùn rẹ̀ ròkè kí àwọn tí ó wà níta lè bá a gbọ́. Ẹni tí ó bá ti fèrèsé mọ́ orin, ahun ni ojú aládùúgbò fi ń wò ó. Ní ìgbà náà, ohùn tí ó ròkè jẹ́ ìlawọ́.

Nígbà tí ó di ọdún 1975, tí a san àjẹsílẹ̀ owó oṣù fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba gẹ́gẹ́ bí àbá ìgbìmọ̀ tí Olóyè Jerome Udoji ṣe alága rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn fi owó náà ra ẹ̀rọ orin tí ó ní gbohùngbohùn méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ẹ̀rọ orin wá di ọ̀kan nínú àwọn ohun tí a fi ń mọ̀ pé nǹkan ṣẹnuure fún ènìyàn, kò sì sí bí aráyé yóò ṣe mọ̀ bí ẹ̀rọ náà kò bá dún.

Ṣùgbọ́n lónìí ńkọ́? Orin wà nínú ẹ̀rọ alágbèéká tí akẹ́kọ̀ọ́ fi sí àpò, ó wà lọ́wọ́ ìyá tí ń ta ata, ó wà lọ́wọ́ ọlọ́kadà. Kò sí ẹni tí ó tún ń dúró sábẹ́ fèrèsé ẹlòmíràn nítorí àtigbọ́ orin. A ń bu orin fún ẹni tí tirẹ̀ ti kún inú àwo, a sì ń ṣe bí ẹni pé oore ni a ń ṣe é. Ohun tí ó jẹ́ ìlawọ́ láyé àwọn baba wa ti di ìnira láyé tiwa.

Ìdí kejì ni ariwo tí ó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí iná mànàmáná bá lọ, tí jẹnẹrétọ̀ mẹ́ta sì ń bú ramúramù lẹ́yìnkùlé kan ṣoṣo, ẹni tí ó fẹ́ gbọ́ orin tàbí ìròyìn kò ní ṣe kí ó má gbé ohùn ẹ̀rọ rẹ̀ sókè ju ti jẹnẹrétọ̀ lọ. Ará ilé kejì náà yóò gbé tirẹ̀ sókè ju ti ẹni àkọ́kọ́ lọ. Báyìí ni àdúgbò kan ṣe ń pariwo títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ ni ẹnì kejì rẹ̀ lára.

Ìdí kẹta wà nínú etí fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1933, àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Harvey Fletcher àti Wilden Munson, tẹ ìwádìí kan jáde tí ó fi hàn pé etí ọmọ ènìyàn kì í gbọ́ gbogbo ohùn bákan náà. Bí orin bá rọlẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀ tí àwọn olórin ń pè ní béèsì ni ó kọ́kọ́ máa ń pòórá létí wa. Bí a bá gbé orin náà sókè, béèsì yóò padà dé, orin yóò sì kún àyà ẹni. Nítorí náà, ẹni tí ó ń sọ pé bí orin bá ròkè ni ó ń dùn kò purọ́. Bí Ẹlẹ́dàá ti dá etí ni ó ń sọ.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ohun tí adùn yìí ń gbà lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ẹ̀rọ. Ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ fi ń wọn ohùn ni a ń pè ní dẹ́síbẹ́ẹ̀lì. Kò rí bí ìwọ̀n ìrẹsì lọ́jà, níbi tí kóńgò méjì ti jẹ́ ìlọ́po méjì kóńgò kan. Bí ohùn bá fi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 3 péré lé sí i, agbára tí ń wọ inú etí ti di ìlọ́po méjì. Bí ó bá fi 10 lé sí i, agbára náà ti di ìlọ́po mẹ́wàá, ṣùgbọ́n etí yóò kàn rò pé orin náà fi nǹkan bí ìlọ́po méjì ròkè ni. Ẹ rí i pé etí kì í sọ gbogbo òtítọ́ fún olúwa rẹ̀. Ẹni tí ó ta ẹ̀rọ oní-wáàtì 50, tí ó wá fi owó ńlá ra oní-wáàtì 100, bí gbogbo nǹkan yòókù bá dọ́gba, dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 3 náà ni ó fi owó rẹ̀ rà.

Àjọ Elétò Ìlera Lágbàáyé ti fi ìlànà lélẹ̀ lórí èyí. Àgbàlagbà lè gbọ́ ohùn tí ó jẹ́ dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 80 fún wákàtí 40 láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Bí ohùn náà bá di 83, wákàtí náà yóò dín kù sí 20; bí ó bá di 86, ó di 10; bí ó bá di 89, ó di 5. Nígbà tí ó bá fi dé 100, nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú péré ni ó kù fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Àjọ yìí kan náà ni ó sọ pé àwọn ọ̀dọ́ tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 12 sí 35, tí ó lé ní bílíọ̀nù kan káàkiri ayé, wà nínú ewu dídití nítorí orin àti ariwo fàájì.

Ohun tí ó fa ewu náà kò ṣòro láti yé ni. Nínú ihò etí lọ́hùn-ún ni àwọn sẹ́ẹ̀lì wínníwínní onírun wà, nǹkan bí 15,000 nínú etí kọ̀ọ̀kan, àwọn ni wọ́n ń gba ohùn tí wọ́n sì ń fi í ránṣẹ́ sí ọpọlọ. Bí ariwo bá pọ̀ jù, wọn a kọ́kọ́ rẹ̀, bí ó bá sì pẹ́, wọn a kú. Wọn kì í sì í hù padà bí irun orí. Nígbà tí ó bá ti rẹ̀ wọ́n, olóhun kì í mọ̀. Ó kàn ń rò pé orin náà ti rọlẹ̀ ni, ó sì tún dìde láti gbé e sókè. Àṣejù, baba àṣetẹ́: ẹni tí ó fẹ́ràn orin jù yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ohun tí ó fi ń gbọ́ orin.

Èyí jẹ́ ti onílé. Ti aládùúgbò ni ó kàn, òun ni mo sì kà sí jù, nítorí pé ẹni tí ó ni ẹ̀rọ ń jẹ adùn orin rẹ̀, aládùúgbò kò jẹ nǹkan kan níbẹ̀ bí kò ṣe ariwo. Ògiri a máa dá ohùn òkè dúró, ṣùgbọ́n béèsì a máa gba inú ògiri kọjá. Nítorí náà, ohun tí ó jẹ́ orin aládùn nínú yàrá yín, gbì-gbì-gbì lásán ni lẹ́bàá ìrọ̀rí ẹni kejì. Nọ́ọ̀sì tí ó ṣiṣẹ́ mọ́jú wà lẹ́yìn ògiri náà, tí ó fẹ́ sùn lọ́sàn-án. Ọmọ tí yóò ṣe ìdánwò lọ́la wà níbẹ̀. Aláìsàn wà níbẹ̀, bákan náà ni abiyamọ tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dákẹ́ ẹkún. Àwọn àgbà sọ ọ́ pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá wí fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò wí fún un? Bí ẹni tí ó ni ẹ̀rọ bá jẹ́ onílé, ayálégbé yóò bẹ̀rù kí a má lé òun jáde. Bí ó bá jẹ́ ọlọ́rọ̀, wọn yóò ní ìlara ni ẹni tí ó sọ̀rọ̀ ń ṣe. Bí orin náà bá jẹ́ ti ẹ̀sìn, wọn yóò ní ó kórìíra ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ a máa dákẹ́, wọn a gbé e mì bí ẹni gbé ewúro mì, títí ọjọ́ kan tí ọ̀rọ̀ kékeré mìíràn yóò fi dìjà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé nítorí pé aládùúgbò òun dákẹ́, ó tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Òfin kò ṣàìsí. Àjọ NESREA tí ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká ní Nàìjíríà, èyí tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 2007, ni ó ń mójú tó ìlànà tí a gbé kalẹ̀ lórí ariwo ní ọdún 2009. Ìlànà náà sọ pé ní àdúgbò tí ó jẹ́ ti ibùgbé nìkan, ariwo kò gbọdọ̀ ju dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 50 lọ lọ́sàn-án, kò sì gbọdọ̀ ju 35 lọ lóru. Kí a lè mọ bí èyí ti kéré tó, ọ̀rọ̀ tí ènìyàn méjì jókòó sọ nínú yàrá kan a máa tó nǹkan bí 60. Ṣùgbọ́n kò sí ìjọba tí ó lè fi òṣìṣẹ́ kan sí ẹnu ọ̀nà pálọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ibi tí apá òfin kò ká ni ìwà ọmọlúàbí ti gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé ènìyàn dúdú kò lè ṣe kí ó má pariwo, pé ìlù àti orin ni ẹ̀mí wa. Mo gbà pé orin ni ẹ̀mí wa. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìlú Accra ní ilẹ̀ Gánà, níbi tí àwọn ẹ̀yà Ga, tí ó ni ilẹ̀ náà, ti máa ń fòfin de ìlù àti ariwo fún nǹkan bí oṣù kan lọ́dọọdún kí ọdún Homowo tó dé. Àṣà náà ti dá aáwọ̀ sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọ ìlú àti àwọn ìjọ kan, mi ò ní sọ pé ó rọrùn. Síbẹ̀, ó fi hàn pé ìlú tí ó fẹ́ràn ìlù lè mọ ìgbà tí ó yẹ kí a gbé ìlù kọ́. Àwa náà ní irú rẹ̀: bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ aládùúgbò, ta ni ọmọlúàbí tí yóò lu ìlù lọ́jọ́ náà? A ti mọ bí a ti ń dákẹ́ nítorí òkú. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ bí a ti ń rọ ohùn sílẹ̀ nítorí alààyè.

Mo mọ èsì tí àwọn kan yóò fún mi: ilé tèmi ni, owó mi ni mo fi ra ẹ̀rọ mi. Òótọ́ ni. Ẹni tí ó ń dáná, igi tirẹ̀ ni ó ń dá, ṣùgbọ́n èéfín kì í béèrè ibi tí ààlà ilẹ̀ parí sí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ohùn rí. Nítorí náà, ìdáhùn sí ìbéèrè wa ni pé kì í ṣe orí àga tí a jókòó sí ni a ti ń wọn orin inú ilé wa. Ẹ fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ kí ó máa dún, kí ẹ jáde síta, kí ẹ lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé aládùúgbò yín. Bí ẹ bá lè gbọ́ ọ̀rọ̀ tí olórin náà ń sọ níbẹ̀, tàbí tí béèsì rẹ̀ ń lù níbẹ̀, orin náà ti ròkè jù, ẹ padà wọlé kí ẹ rọ̀ ọ́ sílẹ̀.

Kò sì dìgbà tí a bá pàdánù adùn rẹ̀. Ẹ gbé gbohùngbohùn kúrò lára ògiri tí ẹ̀yin àti ẹlòmíràn jọ ní, kí ẹ sì fi ohun rírọ̀ tẹ́ ẹ nídìí. Ẹ jókòó sún mọ́ ọn, nítorí orin tí ó wà nítòsí kò nílò ariwo. Bí ẹ̀rọ yín bá ní bọ́tìnnì tí a fi ń ṣètò béèsì lọ́tọ̀, ẹ fi díẹ̀ kún un nígbà tí orin bá wà nílẹ̀, ẹ ó sì rí i pé orin yóò kún bí ẹ ti fẹ́. Bí ó bá sì jẹ́ ọjọ́ ìsọmọlórúkọ tàbí ọjọ́ ìgbéyàwó, ẹ lọ sọ fún àwọn ará ilé kejì ṣáájú, kí ẹ sì sọ wákàtí tí yóò parí fún wọn. Ẹni tí a bá bọ̀wọ̀ fún báyìí, ó lè jẹ́ òun ni yóò kọ́kọ́ wá bá yín jó.